Ẹni Tó Kọ́ Adákẹ́ Níṣẹ́

Adákẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, nílé, lórí tábìlì ìjẹun. Ọ̀nà àtijọ́ ni bàbá mọ̀: kí wọ́n kọ òkè àti ìsàlẹ̀, níbi tí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù máa ń wà, sínú ojú-ewé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. "Bí ọ̀kan bá wó, ọmọ mi, ìyókù á dúró."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ilé ìwòsàn tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù. Ọ̀gá ní kí Adákẹ́ yí i padà lórí ìkànnì wọn kí òun tó mu tíì tán. Ọ̀gá mu tíì tán, ó fọ kọ́ọ̀bù, Adákẹ́ ṣì ń ti ojú-ewé kan bọ́ sí òmíràn.

Ọ̀gá bá wá wo kọ̀ǹpútà Adákẹ́. "Yéè! O kọ nǹkan kan náà sí gbogbo ojú-ewé? Àwòṣe kan ṣoṣo là ń kọ, gbogbo wọn á jọ máa lò ó. Ìwọ wá jókòó, ò ń rán fìlà fún irun kọ̀ọ̀kan!"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló kọ́ ọ ní rádaràda yìí?"

Ara Adákẹ́ gbóná. "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mà. Mo kàn ń dá a gbìyànjú ni."

Ló bá gbójú sókè. Bàbá rẹ̀, tó wá gbé e lọ sílé, ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́ ohun tó sọ.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ọ̀gá wí. "Àbí ẹ̀yin náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí?"

Bàbá wo ojú ọmọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi kẹ̀? Ó tì o. Awakọ̀ rẹ̀ lèmi."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Adákẹ́ gbé báàgì, ó tẹ̀ lé bàbá sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀. Bàbá ń béèrè bóyá ó ti jẹun. Ìbéèrè yẹn ló dá a padà. Ó sáré gòkè.

"Mà, irọ́ ni mo pa. Bàbá mi ló kọ́ mi. Kí ojú má baà tì mí ni wọ́n ṣe sẹ́ pé àwọn ò mọ iṣẹ́ náà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá pa kọ̀ǹpútà Adákẹ́. "Àwòṣe, a ó jọ tún un ṣe lọ́la. Àmọ́ èmi kọ́ lo ṣẹ̀."

Nísàlẹ̀, bàbá ti tan mọ́tò, ó sì ti ṣílẹ̀kùn dè é. "Kí lo gbàgbé?"

Adákẹ́ ò wọlé. Ó di ilẹ̀kùn náà mú. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa mọ́tò ná. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀."