Gbòǹgbò Wọn Dà?

Mo lá àlá kan mọ́jú òní, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ọkàn mi kò tíì wálẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí àìsàn ti dá Màámi dùbúlẹ̀, tí ojú wọn sì ń ṣe bàìbàì, oúnjẹ kò wọ̀ wọ́n lẹ́nu mọ́. Olú ọ̀gán nìkan ni wọ́n ń béèrè, èyí tó máa ń hù lórí ilé ikán lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Màámi fúnra wọn ni wọ́n máa ń lọ wá a tẹ́lẹ̀. Àná ni èmi dá lọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo fi ọ̀bẹ gé e lórí ilẹ̀ kó má baà ní yẹ̀pẹ̀, mo kó o sínú apẹ̀rẹ̀, mo ní tí ilẹ̀ bá mọ́ n óò sè é. Àfi bí mo ṣe fẹ́ sùn tí àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ṣé olú ọ̀gán ni gbogbo rẹ̀ ṣá? Olú tó ń pa èèyàn kì í kọ orúkọ rẹ̀ síwájú orí. Ẹ̀rù yẹn ni mo gbé sùn.

Lójú àlá, mo ru apẹ̀rẹ̀, mò ń sáré lọ sílé. Omi ọbẹ̀ Màámi ti ń hó, mo sì ń gbọ́ ọ láti oko. Àwọn olú ń sọ̀rọ̀ lórí mi.

"Ọ̀kan nínú wa kì í ṣe ọmọ ilé yìí o," ni ọ̀kan wí.

"Èwo ni?"

"Àwa kọ́ la máa tú àṣírí ara wa."

Mo ní kò burú. Ta ló ń bá ohun tó fẹ́ sè jà?

Kí n tó dé odò, ọ́fíìsì ìjọba kan fò wá, ó dúró lófuurufú lókè ọ̀gán kan, tòun ti fáànù àti àga. Mo gun ọ̀gán, mo wọlé. Ọ̀gá ibẹ̀ wọ kóòtù, irùngbọ̀n rẹ̀ sì gùn.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Gbòǹgbò wọn dà?"

"Mo gé e kù sílẹ̀ ni, sà."

"Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?"

"Ìyá mi ni, sà."

Ó mi orí. "Ṣé o ní ìyá mìíràn nílé?"

Mo ní rárá, ẹyọ kan ni. Ó ní ọ̀rọ̀ le nìyẹn. Ibi tó ti ń sọ ọ́ ni ìwo ti yọ lórí rẹ̀, kóòtù rẹ̀ di irun, ó di òbúkọ lórí àga rẹ̀. Mo ní ìwo náà yẹ ẹ́, nítorí a kì í rí àgbà ká má kí i. Ó na ọrùn sí apẹ̀rẹ̀ mi, mo gbá a mọ́ra. Tó bá jẹ èyí tó dára, kí ni Màámi fẹ́ jẹ? Tó bá sì jẹ èyí tí kò dára, ta ni yóò gbà mí lọ́wọ́ ìjọba?

"Lọ mú gbòǹgbò wá," ló wí. "Fẹ̀sọ̀ o. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ọ́fíìsì náà fò lọ, ó fi mí sílẹ̀ lórí ọ̀gán. Mo rí gbòǹgbò kan, funfun báláú, mo fà á, kò tán. Mo tẹ̀ lé e kọjá odò, ó gba ẹ̀yìnkùlé wa wọlé. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Màámi ni wọ́n so ó mọ́!

Màámi jókòó pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Ìkòkò ní, "Ẹ máa bù ú, mo ti jinná." Mo fẹ́ pariwo, ohùn kò jáde. Mo fa gbòǹgbò kí wọ́n lè wò mí, àmọ́ bí mo ṣe ń fà á ni ṣíbí ń lọ sókè sí ẹnu wọn. Mo dẹ̀ ẹ́, ọ̀gán bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ Màámi lọ. Mo tún fà á. Ṣíbí kan ètè wọn. Ẹ̀rù bà mí débi pé àtàǹpàkò tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Mo lajú. Ilẹ̀ ti mọ́. Màámi ló jókòó létí ẹní mi, tí wọ́n ń fa àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi. Apẹ̀rẹ̀ olú wà lórí itan wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì yẹ ìdí rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òbúkọ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá bí ẹni tó ń gba owó oṣù.

"Fádérera, gbòǹgbò wọn dà?"

"Mo gé e kù sílẹ̀ ni, Màámi."

"Olú ọ̀gán a máa ta gbòǹgbò wọ inú ilé ikán lọ. Òun ni mo fi ń dá a mọ̀. Èyí tí n kò bá rí ìdí ẹ̀, n kì í jẹ ẹ́. Gbẹ́ ilẹ̀, kó o rì í mọ́lẹ̀, kí òbúkọ má baà jẹ ẹ́."

Ẹkún ayọ̀ gbọ̀n mí. "Kí lẹ máa wá jẹ báyìí, Màámi?"

"Bá mi mú ọ̀pá mi. Fi ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀."

Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, Màámi kò tíì kọjá ẹnu ọ̀nà. Mo ri olú náà mọ́lẹ̀, mo mú ọ̀pá, mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀, mo di ọwọ́ wọn mú. Bí a ṣe ń jáde, mo yà fún òbúkọ wa.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni mo kí i.