Kóòtù Oníbọ́tìnì Funfun

Ẹ kọ́kọ́ bá mi wo ọkùnrin yìí dáadáa. Ikùn rẹ̀ ló máa ń wọlé ṣáájú, òun náà á wá tẹ̀ lé e. Ìdílé-Ńlá là ń pè é, torí kò lè tọrọ omi mu kó má kọ́kọ́ sọ pé ìdílé ńlá làwọn. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tó fẹ́ ṣàfihàn fọ́tò àtijọ́ ìlú wa ní gbọ̀ngàn ilé ìkàwé. Ta ló fi í ṣe alága? Òun náà ni.

Bàbá Fọ́tò, tó ti kú, ló ya gbogbo fọ́tò ọ̀hún. Ọmọ rẹ̀, Màmá Aránṣọ, ló tọ́jú wọn sínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ogójì ọdún. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá náà béèrè kó tó kó wọn sílẹ̀: kí wọ́n kọ orúkọ bàbá òun sára ògiri. Ìdílé-Ńlá ní ṣé ìyẹn nìkan ni, kí màmá lọ fọkàn balẹ̀.

Ọjọ́ tí à ń kan fọ́tò, èmi ni mo di àkàbà mú. Ti ẹnu ọ̀nà ló tóbi jù: bàbá bàbá alága nínú kóòtù dúdú, ó fọwọ́ lé ẹ̀yìn àga bí ẹni pé òun ló dá igi. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọlọ́rọ̀ ni, pé òkè òkun ló ti rán kóòtù náà. Sábẹ́ gbogbo ìyókù, wọ́n kọ "Láti ọwọ́ ìdílé alága." Màmá Aránṣọ wọ gíláàsì, ó ka ògiri náà tán, kò rí bàbá rẹ̀ níbì kankan.

Ó béèrè. Alága ní kó má bínú, ẹni tó wà nínú fọ́tò ni ìtàn, ẹni tó tẹ kámẹ́rà, ìka lásán ló lò.

"Ìka lásán," ni màmá wí. "Ó dáa, alága."

Kò jà. Ó kàn ní ṣé òun lè fi fọ́tò díẹ̀ kún ti ẹnu ọ̀nà. Alága wà lórí fóònù, ó ń sọ fún ẹnì kan pé ìdílé ńlá làwọn. Ó juwọ́ pé kó máa ṣe é lọ.

Mọ́kànlá ni màmá kó jáde: alápatà, bíríkìlà, ẹni tó ń pín lẹ́tà, ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé ẹjọ́, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Mo gun àkàbà, mo bá a kàn wọ́n sọ́tùn-ún sósì bàbá ńlá yẹn. Gbogbo wọn ló wọ kóòtù dúdú. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sún mọ́ wọn. Bọ́tìnì kẹta, funfun. Ti gbogbo wọn, títí kan ti bàbá ńlá.

Màmá ní ìyá òun ló yọ ọ́ lára búláòsì, nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ já. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Bàbá Fọ́tò ni kóòtù náà máa ń wà. Ẹni tó bá wá ya fọ́tò á wọ̀ ọ́, á bọ́ ọ fún ẹni tó kàn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àfihàn, gbọ̀ngàn kún. Alága kẹ̀yìn sí ògiri, ó ń ròyìn kóòtù. Àwọn èèyàn ń wo ògiri, wọ́n ń ka bọ́tìnì. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń bọ̀ níwájú. Alága rò pé inú wọn ló ń dùn, ó bá fi kún un pé irú kóòtù yẹn ò sí méjì nílùú yìí. Ìyẹn ṣáà jóòótọ́.

Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó jókòó níwájú, ni ò lè mú un mọ́ra. "Ìwọ ọmọ yìí, jókòó. Alágbàrù ni bàbá mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wọ kóòtù yẹn láyé ẹ̀, ó sì dá a padà."

Alága yíjú wo ògiri. Kò tíì wò ó rí.

Ó fa Màmá Aránṣọ sí kọ̀rọ̀, ó ní òun á kọ orúkọ bàbá wọn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n ṣáà bá òun yọ mọ́kànlá yẹn. Màmá na bíírò sí i. Alága kọ ọ́ sórí páálí kan. Màmá kà á, ó dá a padà.

"Ó kù."

"Kí ló kù, mà?"

"Kóòtù."

Ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà títí dòní nìyẹn, ìkọ̀wé alága fúnra rẹ̀: orúkọ Bàbá Fọ́tò gàdàgbà, òun ló ya àwọn fọ́tò yìí, òun náà ló ni kóòtù.

Alága ní ó yá, kí màmá wá yọ mọ́kànlá náà. Màmá gbé ọwọ́ sókè, ó wò ó síwá sẹ́yìn.

"Ìka lásán rèé," ló wí. "Kò lè yọ ìṣó."

Èmi tí mo ni àkàbà, mo ti gbé e lọ sílé.