Ògiri Yàrá Kẹta

7.

…ọmọ mi kò sì kun ògiri rẹ̀ kó tó lọ. Ìdí nìyẹn tí yàrá kẹta fi wà ní títì.

1. ÌKÉDE ẸNU Ọ̀NÀ

Ilé yìí kì í wá èrè. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọnà là ń fún ní yàrá, lọ́fẹ̀ẹ́.
Bí o bá ń lọ, fi ọwọ́ ara rẹ kun ògiri rẹ ní funfun.
ẸLÒMÍRÀN KÒ GBỌDỌ̀ BÁ Ọ KÙN ÚN.

2.

Èmi ni mo kọ ìkéde náà. Alága ilé fẹ́ fi "ìrìn-àjò ọkàn" kún un. Mo ní ọ̀dà lásán ni.

3.

Ọmọ mi obìnrin ló lo yàrá kẹta kẹ́yìn. Èmi ló yà sára ògiri. Ẹ̀yìn mi, níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mò ń fọ búrọ́ọ̀ṣì.

Mo bi í pé ojú ńkọ́.

Ó ní ẹ̀yìn lòun mọ̀ jù.

4. OHUN TÍ A SỌ NÍ ÌPÀDÉ

ALÁGA: Màmá, ọdún kan rèé tí amọ̀kòkò ti ń dúró de yàrá yẹn.
ÈMI: Ẹni tó ni ògiri ni yóò kùn ún.
ALÁGA: Ògiri ò tíì lanu, ẹ ti ń bá a sọ̀rọ̀.
(Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.)
AMỌ̀KÒKÒ: Mi ò bínú o, Màmá. Amọ̀ mi ló ń gbẹ.

5. OHUN TÓ WÀ NÍNÚ YÀRÁ KẸTA

Àkàbà.
Garawa ọ̀dà funfun, a ò tíì ṣí i.
Ẹ̀yìn mi.

6. LÓRÍ FÓÒNÙ

— Wá kun ògiri rẹ.
— Ẹ bá mi kùn ún, Màmá. Mo yọ̀ǹda.
— Òfin ò yọ̀ǹda.
— Ta ló ṣòfin?



9.

Bó bá wá, àwòrán á parẹ́. Bí kò bá wá, àwòrán nìkan ló kù fún mi.

Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Mo mọ̀. Mo ṣì ń lé wọn.

8. BÍ AMỌ̀KÒKÒ ṢE SỌ Ọ́

Ó ní lọ́jọ́ tí mo ṣí yàrá kẹta, mi ò pa ilẹ̀kùn dé, òun sì yọjú. Ó bá mi níwájú ògiri. Mo kẹ̀yìn sí òun, àwòrán kẹ̀yìn sí mi, bí ẹni méjì tó tò sórí ìlà, tí wọ́n ń dúró de nǹkan kan náà. Ó yà wá ní fọ́tò. Ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi, kò sọ fún mi.

10. LÓRÍ FÓÒNÙ

— Màmá, ẹ̀yìn yín ti rù.

11. LÓRÍ FÓÒNÙ

— Mo ti wà nínú ọkọ̀. Ẹ má tíì ṣí ọ̀dà o.

12.

Mo gbé àga wọ yàrá kẹta. Mo kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Mo yí i sí ẹnu ọ̀nà. Mo jókòó. Mo dìde, mo tún yí i sí…