Etí Tí Mo Fà Wọlé

Òwú yìí tún ti rin. Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo… níbo ló ti ń wá? "Ìyá, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí, ẹ má ṣí i wò." Nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ń tẹ̀ ẹ́. Bàbá Mofẹ́, ọkọ mi, dijú sórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ òsì tí rọpárọsẹ̀ mú nà gbalaja.

Oògùn rọpárọsẹ̀ yẹn ni ò jẹ́ kó dá. Mofẹ́olúwa ọmọ wa, tó ń ṣiṣẹ́ láàbù l'Ádó, ti ṣàlàyé ẹ̀: "Mọ́mì, plátẹ́lẹ̀ẹ̀tì, àwọn inú ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré lọ dí ojú ọgbẹ́, ohun kan wà lára wọn bí etí. Òun ni wọ́n fi ń gbọ́ igbe ara wọn. Oògùn yẹn ló ń dí i, kí wọ́n má baà tún lọ dì sí ọpọlọ Dádì." Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì l'Éfọ̀n, n ò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ létí. Ó tún ní — kí ló tún ní? — pé bí igbe bá pọ̀ jù, àwọn fúnra wọn á fa etí ọ̀hún wọlé. Wọ́n á kọ etí ikún. Bí wọ́n bá sinmi tán, wọ́n á tún yọ ọ́ síta.

Fọláyẹmí! Omi. Fọláyẹmí! Ìrọ̀rí. Fọláyẹmí, ta ló ń kọjá yẹn? Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń pè mí bẹ́ẹ̀…

"Ẹ ò gbọ́ nígbà tí wọ́n ń pè yín ni, Mà?" Mo ní iyán ni mò ń gún. Mo ní ariwo odó ni. Nọ́ọ̀sì mi orí, àánú mi ṣe é. Ta ni ò mọ̀ pé a kì í fi iyán sílẹ̀ lágbedeméjì, kó má baà ní kókó?

Àmọ́ iyán ọ̀hún ti kúnná. Ó ti kúnná kí Bàbá Mofẹ́ tó pè lẹ́ẹ̀kejì. Mo ṣì ń gún un — gbì, gbì — títí ó fi dìde fúnra ẹ̀, tó ṣubú. Fọláyẹmí, o ṣèkà. Rárá… ó rẹ̀ mí ni. Ó rẹ̀ mí, mo sì ṣèkà.

Mofẹ́ ti ní kí n wá sinmi lọ́dọ̀ òun, kí Eunice àbúrò mi dúró ti bàbá ẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Mo ní ta ló máa gbọ́ ohùn ẹ̀ bíi tèmi? Gbígbọ́ rèé!

"Fọ… láyẹmí."

Yéè. Ohùn ẹ̀ ò ju mímí lọ. Fáànù ń pariwo lókè, àwọn èèyàn ń jà sí ìlà lẹ́nu ọ̀nà, síbẹ̀ mo gbọ́ ọ ketekete. Odó kankan ò lè bo ohùn yìí mọ́ mi létí.

Mo gbọ́, Bàbá Mofẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo pè mí láàárọ̀. Mo gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.