Bí Bàbá Ṣe Ká Àwòrán Bàsìt

Bàbá mi kì í jẹ́ kí ojú aṣọ wà níta. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń ta aṣọ bazin ní ọjà Treichville, aṣọ tí wọ́n bá sì ká, ojú ẹ̀ á wà nínú kí eruku má bàa bà á jẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tiwọn ti kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o.

Bàsìt ẹ̀gbọ́n mi, ayàwòrán ni. Kì í fi férémù sí àwòrán ẹ̀, ó ní ó ti wọ́n jù. Toile lásán ni, aṣọ tí wọ́n ń yàwòrán sí, ó máa ń fi ìṣó kéékèèké kàn án mọ́ ògiri. Oṣù karùn-ún ló kú, ibà ọjọ́ mẹ́rin péré. Àwòrán mẹ́sàn-án ló fi sílẹ̀. Mẹ́jọ jẹ́ ọ̀sà lagune, ọkọ̀ ojú omi, òrùlé. Èyí tó tóbi jù, Bàbá ni: wọ́n jókòó síwájú ìsọ̀ wọn, téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn wọn. Bàbá ò wò ó rí. Wọ́n ní ẹ̀sìn wa ò fẹ́ kéèyàn máa ya ojú èèyàn. Bàsìt ò bá wọn jiyàn, ó kàn dákẹ́. Bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ síra wọn nìyẹn títí ó fi kú.

Nígbà tí òjò juin, oṣù kẹfà, dé, omi wọ ilé wa ní Koumassi Remblais, ó mù wá dé kókósẹ̀. Bàbá ló kọ́kọ́ sáré wọ yàrá Bàsìt. Mi ò retí ẹ̀ rárá. Wọ́n já àwòrán ńlá yẹn sílẹ̀, wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n má bàa wò ó, wọ́n sì ká a bí ẹni ká bazin: ojú sínú, gbọingbọin. Wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n dì í lókùn, wọ́n tì í sórí àjà lábẹ́ páànù. Èmi kàn kó mẹ́jọ tó kù sórí bẹ́ẹ̀dì, pẹrẹsẹ. Ọ̀lẹ ni mo ṣe, òun ló sì gbà wọ́n là.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Odette wá. Òun àti Bàsìt jọ kẹ́kọ̀ọ́ àwòrán ni. Orí òkè ní Attécoubé ló ń gbé, omi ò lè débẹ̀, ó ní ká jẹ́ kóun bá wa tọ́jú wọn. A gbé ìdì orí àjà sọ̀, ó fọwọ́ tẹ ọ̀rá ẹ̀, ó kọjú sí Bàbá.

"Tonton, ta ló ká eléyìí?"

"Èmi ni. Ó dì dáadáa, àbí?"

"Ojú ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà nínú. Ṣé ìta lo fẹ́ kó wà? Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Kì í ṣe aṣọ, Tonton. Tójú bá wà nínú, ọ̀dà á fún pọ̀, á bó. Ìta lojú ẹ̀ ń wà, ká wá ká a mọ́ nǹkan tó sanra, ká fi papier, bébà tí wọ́n fi ń yan kéèkì, sáàárín. Tiyín yìí, ọ̀dà ẹ̀ ò tíì gbẹ délẹ̀. Ọ̀rá, ooru páànù..."

A tú okùn, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Bàtà yọ, orúnkún yọ, téèpù yọ. A wá gbọ́ kàà, bí ìgbà téèyàn ń ya èèpo àlùbọ́sà. Ọ̀dà pupa rúsúrúsú já bọ́ sórí ẹní. Odette gbọ́wọ́ lé e.

"Ẹ dúró. Ó ti lẹ̀. Tá a bá fà á, ojú yín á bó."

Bàbá kúnlẹ̀ tì í. "Ojú mi ló kù?"

"Ojú yín ló kù."

Wọ́n yíjú sí mi. "Khaleelah, ìwọ rí i. Báwo ló ṣe yà mí?"

"Ẹ ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, Bàbá. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe tẹ́ ẹ bá gbàgbé pé ẹnì kan ń wò yín."

Odette ní òun mọ obìnrin kan tó ń tún àwòrán àtijọ́ ṣe. Ó lè rí i ṣí, ó sì lè má rí i ṣí.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá kó páálí gbọọrọ rọ̀bọ̀tọ̀ tí wọ́n máa ń yí aṣọ mọ́ wá láti ọjà. Odette ní wọn ò sanra tó. Bàbá so mẹ́ta mẹ́ta pọ̀, wọ́n fi aṣọ yí wọn ká títí wọ́n fi sanra. Àwòrán àkọ́kọ́, ọwọ́ wọn ti yí ojú ẹ̀ sínú. Wọ́n dúró, wọ́n tú u, wọ́n tún un ká: ojú síta. Ìkejì, ọwọ́ wọn tún ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún tú u.

Nínú taxi tó ń gbé wa lọ sí Attécoubé, mẹ́jọ wà lẹ́yìn. Bàbá gbé ìkẹsàn-án lé itan, wọn ò jẹ́ ká dì í. Nígbà tá a gun afárá, oòrùn gba fèrèsé wọlé, ó bọ́ sórí apá tó ṣì ká yẹn, níbi tí ojú wọn wà. Bàbá ṣí fìlà wọn, wọ́n fi bò ó.