Ìsinmi ní Ilẹ̀ Bàrùbá

Àṣà kan wà tí àwa Yorùbá fi ń ṣe ara wa léṣe, tí a sì ń pè é ní ọgbọ́n. Bí ìyá bá kú, tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn, a kì í ránṣẹ́ sí ọmọ náà pé ìyá rẹ ti kú. Ohun tí a máa ń wí ni pé ara ìyá kò dá, kó máa bọ̀. Ọmọ tí kò gọ̀ á ti mọ̀, ẹkún ni yóò máa sun bọ̀ láti ibi tó ti wọkọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí ara ìyá kò bá wá dá lóòótọ́ ńkọ́, kí la fẹ́ wí?

Ọláṣùpọ̀ wẹ́dà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí, ní oṣù kẹjọ ọdún 1991. Okokomaiko l'Ékòó ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, létí títì gan-an. Iba ló ń gbé pẹ̀lú Ọláwùmí ìyàwó rẹ̀, Ṣadé ọmọ wọn, àti Àmọ̀kẹ́ ìyá rẹ̀, tí kò bí ọmọ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi jó irin láìsinmi, títí ó fi ṣubú lulẹ̀ nídìí iṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé bí kò bá lọ sinmi lókè eèpẹ̀, abẹ́ eèpẹ̀ ni yóò ti sinmi. Wọ́n bá ní kó lọ sọ́dọ̀ Gbàdàmọ́sí, àbúrò ìyá rẹ̀, aṣọ́gbó tó ń ṣọ́ igbó tí ìjọba ti ń dá ẹranko sí, lókè lọ́hùn-ún nílẹ̀ Bàrùbá. Ọkọ̀ tó ń kó àgbò wá sí Alaba Rago ló bá lọ.

Ká má purọ́, ìsinmi náà dùn. Kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀, kò sí èéfín, kò sí oníbàárà tó ń pariwo pé géètì òun dà. Láàárọ̀, àwọn ẹtu á jẹko dé ẹ̀yìnkùlé, erinmi á máa mí fìn-ìn lódò. Abọ́lá, ìyàwó Gbàdàmọ́sí, á gbé ẹ̀kọ ọkà bàbà fún un, á ní kó padà lọ sùn. Ọláṣùpọ̀ sùn, ó jẹun, ó tún sùn. Lọ́jọ́ kẹfà, ó rí i pé ọwọ́ òun kò gbọ̀n mọ́.

Lọ́jọ́ keje, tó jẹ́ Ọjọ́rú, ọkọ̀ alágbò mú lẹ́tà dé láti Iba. Gbàdàmọ́sí ni Ọláwùmí kọ ọ́ sí, nítorí àgbà là ń kọ irú rẹ̀ sí. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó ká a, ó fi sápò yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ó sì ṣí fìlà. Ó ní kí Ọláṣùpọ̀ jókòó, kó ṣe ọkàn gírí. Ó ní ara ìyá rẹ̀ kò dá, wọ́n ní kó máa bọ̀.

Ọláṣùpọ̀ kò béèrè nǹkan kan. Ó forí kanlẹ̀, ó sì ké bí ọmọdé.

Nígbà tó dìde, ó fẹ́ bá ọkọ̀ alágbò náà padà lójú ẹsẹ̀. Gbàdàmọ́sí ní kí ló ń sáré lọ bá? Mùsùlùmí ni wọ́n. Ọjọ́ tí èèyàn wọn bá kú náà ni wọ́n ń sin ín. Ọjọ́ mẹ́ta ni lẹ́tà ti lò lọ́nà, ilẹ̀ ti gba ohun tó fẹ́ gbà. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ ló kù, ìyẹn sì di ọjọ́ Àìkú. Ó ní kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru má lọ kú sọ́nà, kí wọ́n dúró de ọkọ̀ ọjà ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí òun náà gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, kí Abọ́lá sì rí ẹja yan fún àlejò. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, ohun tó burú nínú rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ alágbò padà sí Èkó láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àyè méjì ṣófo níwájú rẹ̀. Àwọn ará abúlé ń wá kí Ọláṣùpọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n sì kírun òkú fún ìyá rẹ̀ láìsí òkú níwájú wọn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Abọ́lá ń fọ yunifọ́ọ̀mù ọkọ rẹ̀. Ó bá lẹ́tà lápò, ó sì mú un fún Ọláṣùpọ̀ kó má baà rẹ sómi. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fojú kàn án nìyẹn. Ọláwùmí kọ ọ́ pé ikọ́ ló bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí ọkọ òun lọ, pé ó ti wọ àyà, pé Ìyá kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ọmọ wọn nìkan ni wọ́n ń pè. Ó ní Ìyá ní kí òun kọ ọ́ pé àwọn ò tíì kú o. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó ní wọ́n fẹ́ oyin igbó fún ikọ́ náà, kó má ṣe jẹ́ èyí tí wọ́n da ṣúgà sí, irú tí wọ́n ń tà ní Iyana-Iba.

Ọláṣùpọ̀ sáré lọ bá Gbàdàmọ́sí lẹ́nu géètì igbó.

"Bàbá, ẹ rí i kà pé wọn ò kú?"

"Mo rí i," ni Gbàdàmọ́sí wí. "Ta ló ń kọ ọ́ nípa ẹni tó wà láàyè pé kò kú? Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dá mi lójú."

"Oyin ńkọ́? Òkú wo ló ń ránni ní oyin, tó tún ń sá fún ṣúgà?"

Gbàdàmọ́sí gba lẹ́tà, ó tún ibẹ̀ kà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun tìbọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo ni, òun ló sì ṣáájú ìrun òkú náà.

Wọn kò dúró de ọkọ̀ ọjà mọ́. Òjò ti sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín, Ọláṣùpọ̀ níwájú, àgbàlagbà lẹ́yìn, títí wọ́n fi dé odò kan tó ti gbé afárá lọ. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n fi jókòó sétí rẹ̀, tí wọ́n ń wo omi kó fà. Ọláṣùpọ̀ bẹ omi. Ó bẹ Ọlọ́run, ó ní kó gba apá ọ̀tún tí òun fi ń jó irin, kó ṣáà jẹ́ kí òun bá a láàyè. Ó bú ara rẹ̀, ó bú oorun tó sùn, ó bú ẹ̀kọ tó mu. Kò bú Gbàdàmọ́sí, nítorí ẹkún ni ìyẹn ń sun láti àárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni omi tó jẹ́ kí wọ́n kọjá, tí wọ́n rí ọkọ̀ oníṣu wọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sọ̀ ní Iyana-Iba. Ọláṣùpọ̀ sáré wọ àdúgbò. Ó rí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ó rí ẹní, ó rí àwọn tó jókòó. Ọláwùmí jáde wá pàdé rẹ̀.

"Ìgbà wo?" ló bi í.

"Lánàá, nígbà ìrun ọ̀sán. A sin wọ́n nírọ̀lẹ́."

Gbàdàmọ́sí dúró sẹ́yìn lójú títì, kò lè súnmọ́ ilé. Ọláṣùpọ̀ bi ìyàwó rẹ̀ ìdí tí kò fi tún ránṣẹ́. Ó ní òun ti wé gèlè lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ láti lọ wá ọkọ̀ mìíràn ní Alaba Rago, Ìyá ló pe òun padà.

"Wọ́n ní bóyá ara yín ò tíì balẹ̀ ni ẹ ò fi tíì dé. Wọ́n ní kí n má dà yín láàmú, kí n jẹ́ kí ọmọ àwọn sinmi." Ó fi ìborùn nu ojú. "Bàbá Ṣadé, láti ìgbà tí lẹ́tà ti dé ọwọ́ yín, kí lẹ wá ń ṣe níbẹ̀?"

"À ń ṣọ̀fọ̀ wọn," ni Ọláṣùpọ̀ wí.