Ilé Tí Kì Í Jẹ Ìgbín

Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé mò ń fún omi ọmú mi sínú ike fún ọmọ ọlọ́mọ, ìdí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀gá ilé ìwé wa béèrè. Ìyàwó pásítọ̀ béèrè, ó tún fẹ́ kí n wá jẹ́rìí níwájú ìjọ lọ́jọ́ ìdúpẹ́ àwọn ìyá. Wọ́n á máa wojú mi bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀ ńlá. Èmi kò sì ní ọ̀rọ̀ ńlá kankan. Ó rẹ̀ mí ni. Obìnrin tó ń fi ojoojúmọ́ bá àwọn ọmọ kíláàsì kẹta pariwo, tó tún ń tọ́ ọmọ ọwọ́ nílé, ibo ni yóò ti ráyè jẹ́rìí?

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí mo bí Máyọ̀wá, ọmọbìnrin mi, omi ọmú mi pọ̀ ju ohun tí ẹnu rẹ̀ lè gbà lọ. Á mu ọ̀kan, á sùn lọ fọnfọn, èkejì á sì le koko bí àgbọn. Bí mo bá dúró níwájú pátákó nílé ìwé, tí ọmọ kan bá ṣèèṣì sunkún ní kíláàsì kejì, aṣọ mi á tutù. Nílé wa ní Èmùré, mo máa ń lọ sẹ́yìnkùlé, màá fún un sínú abọ́, màá dà á nù, màá sì pòṣé. Ìyá ọkọ mi, tó wá láti Ìlawẹ̀ láti bá mi gbé ọmọ, á máa pariwo pé kí n má dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lásán, kí èèrà má bàa lá a, kí ọmú mi má bàa gbẹ. Mo ní inú mi ì bá dùn bí ó bá lè gbẹ díẹ̀. Ó ní kí n má fi ẹnu ara mi pe ibi.

Ibẹ̀ ni Àrínọlá bá mi lọ́jọ́ kan. Nọ́ọ̀sì ni, inú ọgbà kan náà la jọ háyà ilé sí, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kan ní Ìkẹ́rẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ó wo abọ́ ọwọ́ mi, ó wo èmi náà.

Ó ní, "Ìyá Máyọ̀wá, ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń kú lọ nítorí ohun tí ẹ fẹ́ dà nù yìí."

Ọmọkùnrin ni, ẹsẹ̀ ló fi wáyé, nítorí náà Ìgè ni wọ́n ń pè é. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju bàtà àgbàlagbà lọ. Inú gíláàsì tí wọ́n fi ń mú ọmọ móoru ló wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti dá ìyá rẹ̀, Favour, dùbúlẹ̀, kò mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmú rẹ̀ kò sì sẹ̀ rárá. Wọ́n fún ọmọ náà ní mílíìkì inú agolo, inú rẹ̀ wú, ó ń bì í. Dókítà ní bí wọn kò bá tètè rí omi ọmú èèyàn fún un, òun kò lè ṣe ìlérí kankan.

Mo ní kí Àrínọlá máa gbé e lọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n rí i pé kò sí àrùn níbẹ̀, wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa fọ ọwọ́ àti bí mo ṣe máa se ike nínú omi gbígbóná. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, Àrínọlá fi yìnyín sínú kúlà kékeré, ó kó àwọn ike náà sí i, ó gbé e dání lọ síbi iṣẹ́. Àyà mi fúyẹ́. Mo lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò.

Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́, kúlà náà kún bó ṣe kún láàárọ̀.

"Ìyá àgbà ọmọ náà ò gbà," ló wí. "Ó ní òun ò mọ ilé tó ti wá."

Inú bí mi, n kò ní purọ́. Kí èèyàn fún ọmú títí ọrùn ọwọ́ á fi máa ro ó, kí wọ́n wá dá a padà bí ọbẹ̀ tó kan! Mo ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n nígbà tó di Sátidé, mo pọn Máyọ̀wá, mo gbé kúlà, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Mo ń sọ fún ara mi lójú ọ̀nà pé ìjà ni mò ń bá lọ.

Orí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ni mo ti bá Màmá Àbẹ̀kẹ́, ìyá tó bí bàbá ọmọ náà. Àgbẹ̀ ni, ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú nítorí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bíbélì wà lórí itan rẹ̀, báàjì ẹgbẹ́ ìyá ìjọ sì wà láyà aṣọ rẹ̀. Kò tíì kí mi tán tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí mi bí ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó fún ọmọ rẹ̀. Ojúlówó ọ̀rọ̀ Ìkẹ́rẹ́ ló ń sọ.

"Ọmọ ulé ta ni ùwọ?"

Mo sọ fún un.

"Ṣé wèrè wà ní ulé yín? Ẹni tó ń jalè ńkọ́?"

"Mà, omi ọmú ni mo gbé wá. Kì í ṣe pé mo wá fẹ́ ọmọ yín."

"Ùwà a máa bá ọmú wọ ọmọ nínú," ló wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Àrínọlá, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, dá sí i. Ó ní ìfẹ́ Ọlọ́run ló mú mi ṣe é, ó ní àánú ọmọ náà ló ṣe mí tí n kò fi lè jókòó. Bó ṣe ń sọ ọ́ dùn létí, àfi bíi pé èmi kọ́ ló ń ròyìn. Ojú ìyá náà túbọ̀ le sí i ni.

"Mi ò tíì rí ẹni tó ń fúnni ní nǹkan báyìí lásán," ló wí. "Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ mi?"

Ó ti rẹ̀ mí kọjá kí n wá ọ̀rọ̀ dídùn. Mo ní, "Mà, ọmú ló ń dùn mí. Bí mi ò bá fún un, mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, mi ò lè gbé ọwọ́ sókè kọ nǹkan sí pátákó. Ṣe ni mò ń dà á nù tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì yìí ló ní ọmọ yín lè mu ún."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí kò sùn.

"Ẹn-ẹ́n. Èyí yé mi. Èmi náà ti tọ́ ọmọ rí." Ó sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì. "Ṣùgbọ́n ulé wa kì í jẹ ùgbín. Bàbá ọmọ kì í jẹ ẹ́, bàbá rẹ̀ àgbà ò jẹ ẹ́ rí. Bí ùwọ bá jẹ ẹ́, tó bá dé ọmú rẹ, ọmọ mi ló jẹ ẹ́ yẹn. Bí o bá lè pa ẹnu mọ́ kúrò lára ùgbín, kí wọ́n máa fún un."

Mo wo Bíbélì orí itan rẹ̀. Ṣé kí n bá a jiyàn ni? Láti ibi tí mo jókòó sí, mo rí ọmọ náà nínú gíláàsì, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí wa, kò tó ìka mi. Ìjà tí mo gbé wá láti Èmùré ti tán lára mi. Mo ní mo ti gbọ́, n kò ní jẹ ìgbín. Lójú mi ni wọ́n ṣe fa omi ọmú náà sínú rọ́bà tín-ín-rín tó wọ imú rẹ̀ lọ sínú ikùn. Kò bì í.

Èmi ò rántí pé àsìkò òjò la wà. Ìgbín ni gbogbo ayé ń jẹ. Ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ sílé, wọ́n kó ìgbín ńláńlá wá fún un láti Ìlawẹ̀, ó fi ata rodo dín wọn, ó gbé e síwájú mi pé ara ìyá ọlọ́mọ nílò rẹ̀. Mo ní n kò lè jẹ ẹ́.

"Ṣé mo fi májèlé sí i ni?"

Mo ṣàlàyé. Ó pàtẹ́wọ́, ó pa á lẹ́ẹ̀kejì.

"Èèwọ̀ ilé ọkọ rẹ, ṣé o ti pa á mọ́ tán tó o fi wá ń bá ará Ìkẹ́rẹ́ pa tiwọn mọ́?"

Kò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà. Joshua, ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìjàn, tí í wá sílé ní òpin ọ̀sẹ̀, fi ọgbọ́n parí ìjà: ó jẹ ti ara rẹ̀, ó jẹ tèmi náà, ó ní ọbẹ̀ dùn. Òórùn ata náà ń bá mi fínra ní ìjókòó mi. Ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ ni mo jẹ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Mo máa fún ọmú kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa fún un nínú yàrá tí wọ́n ń kó ṣọ́ọ̀kì àti ìgbálẹ̀ sí nílé ìwé, mo máa tún fún un nígbà tí mo bá délé. Iná kì í sí, à á máa wá yìnyín káàkiri Èmùré. Àrínọlá á mú ìròyìn wá: Ìgè ti lanu, Ìgè ti sanra díẹ̀, wọ́n ti fi ṣíbí fún un. Ìyá rẹ̀ ti lajú, ó ti dá ènìyàn mọ̀, ṣùgbọ́n ọmú rẹ̀ kò sẹ̀. Inú mi á dùn, màá sì tún wo ike tó ṣófo tí mo ní láti fún kún, àárẹ̀ á mú mi. Lọ́jọ́ kan, mo sùn lọ lórí ìjókòó ní kíláàsì. Ariwo ẹ̀rín àwọn ọmọ ló jí mi. Ìyá ọkọ mi ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó fẹ́ padà sí Ìlawẹ̀, èmi nìkan ni yóò kù pẹ̀lú Máyọ̀wá.

Mo sọ fún Àrínọlá pé bí ọ̀sẹ̀ yìí bá parí, èmi náà ti parí nìyẹn. Kò bá mi jiyàn. Ó ní mo ti gbìyànjú. Ìbá sàn fún mi kó bá mi jà. Ojú tì mí, àmọ́ oorun ni mo fẹ́, n kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni ó di àárọ̀ ọjọ́ kan tí Àrínọlá kò wá gbé kúlà. Wọ́n ní kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Mo fi àwọn ike náà sínú yìnyín, mo lọ sílé ìwé. Nígbà tí àwọn ọmọ jáde fún ìsinmi ni mo rí Màmá Àbẹ̀kẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò ọgbà ilé ìwé wa. Kò wọ báàjì. Ó so gèlè rẹ̀ mọ́ ìbàdí.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kí n dìde.

"Mo wá tú ọ sílẹ̀ ni," ló wí. "Ùwọ lè jẹ ùgbín báyìí."

Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi, kì í ṣe ìdárò. Mo ní, "Mà, mi ò jẹ ẹ́ o. Mo fi Máyọ̀wá búra, mi ò fi kan ẹnu."

"Mo mọ̀." Ó di ọwọ́ mi mú. "Àyà rẹ̀ ló mú un. Èémí ò jáde mọ́. Dókítà ní kò kan ohun tó mu. Èmi gan-an mọ̀ pé kò kàn án."

Mo ní omi ló dànù, agbè kò fọ́, nítorí ohun tí à ń sọ nìyẹn. Ó ní àmín, Favour ti ń rìn díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ ń fò láti ojú kan dé òmíràn nínú súwè tí wọ́n fà sílẹ̀, wọ́n ń pariwo.

"Ebi ò pa á lọ," ni Màmá Àbẹ̀kẹ́ wí. "Kí n lè sọ ìyẹn fún ọ ni mo ṣe wá. Ó mu tirẹ̀, ó yó, ó gùnfẹ̀, kó tó di pé ó lọ. Mo ti sin ọmọ tí ebi pa lọ rí. Tibí yìí ò rí bẹ́ẹ̀."

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo sun ún níbẹ̀ lójú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ìyá náà kò rẹ̀ mí lẹ́kún, kò sì bá mi sun. Ó dúró tì mí títí mo fi nu ojú. Mo rò pé ó fẹ́ máa lọ.

"Ọmọbìnrin kan wà nínú gíláàsì kejì," ló wí. "Àwọn òbí rẹ̀, tíṣà ni wọ́n, ọmọdé. Mílíìkì agolo ni wọ́n ń fún un, ùkùn rẹ̀ ti ń wú. Ojú ń tì wọ́n láti bẹ ẹnikẹ́ni. Mo ti bá ọ bi wọ́n léèrè ohun tí ulé wọn kì í jẹ."

Mo ronú nípa òpin ọ̀sẹ̀. Mo ronú nípa ẹní mi, àti bí mo ṣe máa na ara sórí rẹ̀ láìsí ike kankan tó ń retí mi. Kò sí ẹni tó máa dá mi lẹ́bi. Ìyá tó dúró níwájú mi yìí kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ti sọ pé mo parí, ó gbéra kúrò nílé ọ̀fọ̀, ó wọ mọ́tò wá sí Èmùré.

"Kí ni wọn kì í jẹ, mà?"

"Ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ nìkan?"

"Ewúrẹ́ nìkan. Wọ́n ní adìyẹ ò burú."

Mo ní kí ó sọ fún wọn pé mo ti gbọ́. Ilé kò jìnnà sí ilé ìwé wa. Mo mú un lọ sílé, mo gbé kúlà tó wà nílẹ̀ láti àárọ̀ lé e lọ́wọ́, ó sì gbé e lọ síbi tí mọ́tò Ìkẹ́rẹ́ ti ń kérò.